Ìkìlọ̀: Ẹni tó bá ní "gbogbo tẹlifíṣọ̀n ló ń gbà á", ẹ bi í ní èwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn gẹ́ẹ̀mù àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọlọ́jà kan wà tó ń ta Super Famicom, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù Nintendo, láti Japan, tó sì ń kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo ọjà rẹ̀ pé "gbogbo tẹlifíṣọ̀n ló ń gbà á". Mo rà á. Irọ́ ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe irú òwò yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mọ̀ níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ.

Mo bi í pé tẹlifíṣọ̀n mi, PAL ni (ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n kan ni), ṣé ẹ̀rọ yìí á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀? Ó ní, "Kò sí wàhálà, region-free ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é." Region-free ni pé gẹ́ẹ̀mù ilẹ̀ èyíkéyìí ló ń gbà. Ó fi fídíò kékeré kan ránṣẹ́. Gẹ́ẹ̀mù ń lọ geere, àwọ̀ ń dán yinrin, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò bi í pé tẹlifíṣọ̀n ta ni mò ń wò yẹn.

Ẹrù dé. Mo so wáyà, mo tanná. Ohùn jáde, orin rẹ̀ dùn bó ṣe yẹ. Àwòrán ńkọ́? Dúdú-àti-funfun, ó sì ń yí lọ sókè láìdúró. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré wà lókè, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìlà dúdú gbọọrọ kan sì ń gba àárín wọn kọjá. Mo kọ̀wé sí ọlọ́jà. Ó ní tẹlifíṣọ̀n mi ló ti gbó. Tẹlifíṣọ̀n tí mo fi wo bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú!

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọn wà nìyí. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù tó ti ilẹ̀ mìíràn wá gbọ́dọ̀ bá mu kó tó ṣiṣẹ́ nílé yín: káàtíríìjì (ike tí gẹ́ẹ̀mù wà nínú rẹ̀), tẹlifíṣọ̀n, àti iná. Ẹ̀yin á béèrè nípa tẹlifíṣọ̀n, ọlọ́jà á fi ti káàtíríìjì dá yín lóhùn, ẹ ó sì rò pé ó ti dáhùn. Region-free, bí kì í bá tiẹ̀ ṣe irọ́, ọ̀rọ̀ káàtíríìjì nìkan ni. Kò kan tẹlifíṣọ̀n rárá.

Tèmi yìí gan-an, ẹ gbọ́ ohun tó pè ní "mo ṣe é". Super Famicom ti Japan àti Super Nintendo ti Amẹ́ríkà, ìrísí pílásítíìkì ló pín wọn níyà. Káàtíríìjì Amẹ́ríkà ò gba ẹnu ti Japan wọlé. Ọlọ́jà kàn fi irin fáìlì ha ẹnu ihò náà ni. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó rí gbágungbàgun bíi ìgbà tí eku bá jẹ ẹ́. Ti Yúróòpù wá burú jù, torí káàtíríìjì wọn jọ ti Japan, á wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́nà nínú rẹ̀ yàtọ̀, gẹ́ẹ̀mù náà ò sì ní ṣiṣẹ́. Kò fọwọ́ kan ìyẹn. Bẹ́ẹ̀, region-free ló ń pariwo.

Ká padà sórí àwòrán. Japan àti Amẹ́ríkà ń lo ìlànà NTSC: ìlà 525, àwòrán sì ń wọlé nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. PAL tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù jẹ́ ìlà 625, nígbà 50. Tẹlifíṣọ̀n tó ń retí 50, tí 60 ń já lù ú, kò mọ ibi tí òkè àwòrán wà mọ́, ìdí tó fi ń yí nìyẹn. Ní ti àwọ̀, NTSC gbé e sórí 3.58 MHz, PAL sì ń wá a lórí 4.43. Tẹlifíṣọ̀n tí ò gbọ́ NTSC á wá àwọ̀ títí, kò ní bá a níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló máa kù fún un. Kò sí ohun tó ṣe tẹlifíṣọ̀n yín. Ọlọ́jà tó bá ní ó ti gbó, gbájú-ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo pariwo, ó ní kí n ra "kọ́ńfátà", òun náà ló sì tún tà á fún mi. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ó tọ́ sí mi. Àpótí dúdú kékeré kan ni: ihò aláwọ̀ ìyeyè lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, iná pupa lókè. Mo so ó, iná pupa tàn, àwòrán ṣì ń yí bó ṣe ń yí. Mo wá tú síkúrù mẹ́rin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni mo bá, ó ti ihò àkọ́kọ́ lọ tààrà sí ìkejì. Iná pupa ní rẹ́sítọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irin pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí kò kan wáyà kankan. Wọ́n fi síbẹ̀ kí àpótí náà lè wúwo lọ́wọ́ ni.

Kọ́ńfátà gidi wà o. Ó gbọ́dọ̀ gba àwòrán wọlé, kó tọ́jú rẹ̀, kó tún un yà ní ìlànà tuntun. Wáyà kan ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Àwọn kéékèèké tó ń sọ wáyà ìyeyè di HDMI náà ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun, àmọ́ àwòrán gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ máa ń rú wọn lójú, ìlà á máa gbọ̀n, bọ́tìnnì tẹ́ ẹ tẹ̀ sì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Bọ́tìnnì 720p àti 1080p tó wà lára wọn, ohun tó ń jáde ló ń yàn, kì í ṣe ohun tó ń wọlé. Ẹni tó bá ní bọ́tìnnì yẹn ló ń sọ NTSC di PAL, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó gbà mí ni SCART, plọ́ọ̀gì fífẹ̀ tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù. Super Famicom tí nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ jẹ́ SHVC-001 ń gbé RGB jáde, RGB ò sì nílò 3.58 tàbí 4.43, torí pupa, ewéko àti búlúù ń gba ọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù tó ní SCART máa ń gba 60 bí àwọ̀ bá gba ibẹ̀ wọlé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Japan ní plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 21 tirẹ̀ tó jọ SCART bí ìbejì, tí wáyà inú rẹ̀ ò sì rí bákan náà. Bákan náà, ẹsẹ̀ kẹta lẹ́yìn ẹ̀rọ NTSC, àmì tó ń mú àwòrán dúró ló ń gbé. Lẹ́yìn ti Yúróòpù, iná 12 fóòtì (volt) ló wà níbẹ̀. Wáyà tí wọ́n ṣe fún àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá fi sí ìkejì, ẹ lè rán 12 fóòtì wọ inú tẹlifíṣọ̀n. Ọlọ́jà tó bá ní "SCART ni SCART ń jẹ́" kò mọ nǹkan kan.

Iná nìkan ló lè dá jàǹbá sílẹ̀, ẹ má fi ṣeré. Japan ń lo 100 fóòtì, Amẹ́ríkà 120, Yúróòpù 230. Ohun pílásítíìkì tí ọlọ́jà ń fi kún ẹrù, tó ní "jàárà ni", ó kàn ń yí ẹsẹ̀ plọ́ọ̀gì padà kó lè wọ ògiri ni. Kò dín iná kù. Ẹ ki ádápítọ̀ Japan bọ 230, èéfín ló máa dáhùn. Ẹ má sì gba ádápítọ̀ NES, ẹ̀rọ Nintendo tó ṣáájú Super Nintendo, pé ó wọ ihò kan náà. Ó wọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ iná AC 9 fóòtì ló ń gbé jáde, DC 10 fóòtì sì ni Famicom (ẹ̀rọ tó ṣáájú Super Famicom ní Japan) àti Super Famicom ń fẹ́. Ẹ̀rọ á bàjẹ́ ni.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n dojú ẹ̀rọ dé, kí wọ́n ya abẹ́ rẹ̀. SHVC-001 ti Japan ni, SNS-001 ti Amẹ́ríkà, SNSP-001A ti Yúróòpù. PlayStation àkọ́kọ́ rọrùn jù, ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn: SCPH-1000 Japan, 1001 Amẹ́ríkà, 1002 Yúróòpù. Bó bá jẹ́ Famicom tí kò tíì kúrò bó ṣe wà, RF, àmì tó ń gba ihò eriali wọlé, nìkan ló ń gbé jáde, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 1 tàbí 2 ti Japan, tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ mìíràn kì í sábà bá níbi tó yẹ kó wà. Ẹ tún ní kí ọlọ́jà ya ara ádápítọ̀, níbi tí wọ́n kọ fóòtì sí. Fídíò tó bá fẹ́ ṣe, kó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n hàn.

Ìdajì owó ló dá padà fún mi, lẹ́yìn tí mo fi fọ́tò inú àpótí dúdú yẹn ránṣẹ́ sí i. Láàárọ̀ yìí ó tún ti gbé Super Famicom mìíràn síta, fídíò kan náà ló sì lò. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ dá a dúró ní ìparí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mì: lẹ́tà Japan ló wà lára àwọn bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ gíláàsì tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.