Àgbéyẹ̀wò airRohr, ẹ̀rọ tí ará àdúgbò fi ń ṣọ́ èéfín iléeṣẹ́

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí iléeṣẹ́ tó ń tú èéfín lóru mọ̀ ọ́n: kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé lọ́sàn-án, ojú ọ̀run ti mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni airRohr ti wúlò. Ẹ̀rọ kékeré yìí, tí ẹgbẹ́ ará ìlú tó ń jẹ́ Sensor.Community báyìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Stuttgart lórílẹ̀-èdè Jámánì lọ́dún 2015, máa ń ka eruku wẹ́wẹ́ inú afẹ́fẹ́, PM10 àti PM2.5 (nọ́ńbà yẹn ni bí eruku ṣe tóbi tó, ní micrometre), ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ síra, tọ̀sán-tòru. Orí máàpù íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí ló ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ sí.

Ẹ kì í rà á ní títò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. SDS011 ló ń ka eruku, BME280 ń ka ooru àti ọ̀rinrin, NodeMCU ESP8266 ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ máa nílò rọ́bà tín-ínrín 6 mm tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé àti elbow plọ́mbà méjì oní 75 mm tí ẹ máa fi ṣe ilé fún un. Ẹsẹ̀ SDS011, láti ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ ti kà á: ìkíní sí D1 lórí NodeMCU, ìkejì sí D2, ìkẹta sí GND, ìkarùn-ún sí VU (bí NodeMCU yín kò bá ní VU, VIN ni). BME280: VCC sí 3V3, GND sí GND, SDA sí D3, SCL sí D4. Bí ẹ bá ka ẹsẹ̀ láti òsì, iná àti GND á gba ipò ara wọn, kò ní sí nọ́ńbà eruku kankan, sẹ́nsọ̀ sì lè bàjẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi okùn USB so NodeMCU mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì ti fi airrohr-flasher (irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà) kọ ètò sórí rẹ̀, ẹ máa rí Wi-Fi tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú airRohr. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ṣí 192.168.4.1, kí ẹ fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi ilé síbẹ̀. 2.4 GHz nìkan ló gbọ́. Bí hotspot fóònù yín bá wà lórí 5 GHz, kò ní rí i rárá. Ọ̀pọ̀ okùn USB ọjà kò ju pé kó gba iná lọ, kò lè gbé ètò kọjá. Okùn yìí ló máa ń fa ẹ̀fọ́rí jù lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ gbé e kọ́ sí ìwọ̀n mítà kan àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀ sókè, kí ẹnu páìpù kọjú sílẹ̀ kí òjò má bàa wọlé, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu náà nítorí aláǹtakùn. Kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, sí ilé ìdáná àti sí ibi tí wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ yìí kò ní ibi ìpamọ́: bí iná bá lọ tí Wi-Fi sì kú, wákàtí yẹn ti sọnù nìyẹn. Nítorí náà, power bank fún ẹ̀rọ àti fún ráútà pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò ná, torí àwọn kan máa ń pa ara wọn bí ohun tó ń mu iná bá kéré.

Ọ̀rinrin ni àléébù rẹ̀ tó burú jù. Iná léésà ni SDS011 fi ń ka eruku. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, eruku á fa omi, á wú, nọ́ńbà á sì fò sókè láìsí èéfín kankan. Ìwé sẹ́nsọ̀ náà fúnra rẹ̀ fi òdiwọ̀n ọ̀rinrin tó lè gbà sí 70%, bẹ́ẹ̀ òru Èkó sábà máa ń kọjá ìyẹn. Bí ẹ bá da gbogbo nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nù, kí ló kù? Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo wọn sójú kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ èyí tó máa ń kà jù àti èyí tó máa ń kà dín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí méjì wà níbi tí èéfín ń fẹ́ sí, kí ọ̀kan wà níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ọ̀rinrin kan náà ló ń bá gbogbo wọn jà, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń sọ òtítọ́. Lágbègbè Èkó, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn sábà ti ń wá. Lásìkò ọyẹ́ ó máa ń yí padà sí àríwá ìlà-oòrùn, eruku á sì bo gbogbo ẹ̀rọ pọ̀.

Ẹ má ṣe ní kó dá irú eruku mọ̀. Ní ibi bíi Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì àlòkù, òjé ni ẹ̀rù tó wà níbẹ̀, airRohr kò sì lè ya òjé sọ́tọ̀ kúrò lára iyanrìn. Àyẹ̀wò ilẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ní ilé àyẹ̀wò ló lè fi í hàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ òórùn gáàsì. Fún gáàsì, ọgbọ́n bákẹ́ẹ̀tì ni àwọn ará Norco ní Louisiana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lò: àpò pàtàkì inú bákẹ́ẹ̀tì tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Margie Richard tó ṣáájú wọn gba ẹ̀bùn Goldman, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń jà fún àyíká, lọ́dún 2004.

Àròpín ọjọ́ kan ni kí ẹ fi wé òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2021, ìyẹn 15 µg/m³ fún PM2.5 àti 45 fún PM10. Ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà ìṣẹ́jú kan lọ bá ẹnikẹ́ni. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ àkókò èéfín, òórùn, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Bí wákàtí kan náà bá ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí ẹ̀rọ méjèèjì, tí ti òdìkejì kò gbéra, ẹ gbé àwòrán ìlà náà àti ìwé yẹn lọ sí LASEPA (àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó) tàbí iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tiwọn wá ní wákàtí yẹn gan-an, lóru.