Onídìrí kan ní Súrùlérè tí kì í fi kẹ́míkà na irun: ohun tí owó mi rà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti owó, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. ₦18,000 ló gbà lọ́wọ́ mi fún fífọ irun, oru gbígbà àti gígé ṣóńṣó rẹ̀, láìtíì ka irun dídì mọ́ ọn. Ní àdúgbò mi, owó yẹn á di orí èèyàn mẹ́ta, ìyókù á ra súyà. Mo ṣì máa padà lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fi rìláásà, kẹ́míkà tó ń na irun, sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ṣọ́ọ̀bù tí mo máa wọ̀ tí wọn ò ní fojú burúkú wo orí mi. Níbi tí mo lọ kẹ́yìn kí n tó mọ ọmọbìnrin yìí, ọ̀gá ibẹ̀ pe ọmọ iṣẹ́ méjì pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Wọ́n ki ìyarun bọ ìdí irun gbígbẹ, wọ́n ń fà á, omi ń bọ́ lójú mi, ọ̀kan nínú wọn wá ń sọ pé, "Àǹtí, irun yín ti le jù, ẹ jẹ́ ká fi rìláásà díẹ̀ rọ̀ ọ́." Wọ́n di ti iwájú le débi pé oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo tú u, irun ẹ̀bá etí òsì bá a lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí mò ń wí wà, kò jìnnà sí òpópónà Adéníran Ògúnsànyà. Àga mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Mo jókòó tán, kò fọwọ́ kan ìyarun rárá. Ó ń bi mí ní ìbéèrè: ìgbà wo lẹ fọ irun kẹ́yìn, mà? Ṣé ẹ máa ń wé orí sùn? Ó mú irun kan níwájú orí mi, ó nà án títí tó fi dé imú, ó sì fi í sílẹ̀. Ó sáré ká padà sókè. Ó na ti ìpàkọ́, ìyẹn ò ká tó bẹ́ẹ̀. "Irun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí yín, mà." Àwòrán kan wà lára ògiri rẹ̀ tí wọ́n fi bí irun ṣe ká tó pín in sí 1 dé 4, tí wọ́n tún fi A, B àti C pín in, irú ìpín tí Andre Walker, onídìrí Oprah Winfrey, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, gbé jáde. Ó ní àwọn oníbàárà ló ń béèrè rẹ̀ lòun ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀.

Ó pín orí mi sí mẹ́rin, ó fi kílíìpù há mẹ́ta, ó fọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ìkẹrin. Kọndísọ́nà tó bù lé e kò kéré. Ó ń fọwọ́ pa á mọ́ irun títí gbogbo rẹ̀ fi ń yọ̀ bí ilá. Ìgbà yẹn ló tó mú ìyarun tí eyín rẹ̀ fẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó. Tó bá ti tú ìwọ̀nba kan, á gòkè díẹ̀ sí i, títí tó fi dé ìdí. Ibi tó bá ti takókó, ọwọ́ ló fi ń tú u. Mo dẹtí sílẹ̀ de ìró irun tó ń já, mi ò gbọ́ ọ.

Bó ṣe ń ṣe é ló ń ṣàlàyé. Ihò tí irun tó ká bí tèmi ti ń hù kò rí roboto, ó tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí irun máa lọ́. Òróró tí awọ orí ń tú kì í rọ́nà sọ̀kalẹ̀ dáadáa lára irun tó lọ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ṣóńṣó ló máa ń gbẹ jù. Ẹni tó bá wá ki ìyarun bọ̀ ọ́ láti ìdí, ṣóńṣó gbígbẹ yẹn ló ń kó gbogbo kókó lọ bá. Gígé náà, kò gé e ní tútù. Ó fi tíṣáàtì àtijọ́ kan fa omi rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ, kó lè rí ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ká sí, ó wá ń fi àlùmọ́gàjí gé e díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tí fìlà ọ̀rá wà lórí mi lábẹ́ ẹ̀rọ olóoru ni mo bi í bó ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Múṣìn ló ti kọ́ṣẹ́. Ó gba fíríìdọ́ọ̀mù, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n pín ráìsì. Rìláásà, wífọ́ọ̀nù, Gánà wífìn àti wíìgì ló kọ́ níbẹ̀. Irun tí kò gba kẹ́míkà rí, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ ná, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kónílé-ó-gbélé ló yí i padà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sé Èkó mọ́ ní 30 oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Irun ò kúkú mọ̀ pé wọ́n sé ìlú. Nígbà tí àwọn oníbàárà fi padà dé, irun tuntun ti hù lábẹ́ èyí tó nà, ibi tí méjèèjì ti pàdé sì ń já. Gbogbo wọn ní kó tún fi rìláásà sí i, àfi ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́, tó ní kó gé gbogbo èyí tó nà dànù.

"Mo gé e tán, mà, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe sí èyí tó kù. Eyín ìyarun méjì kán sí wọn lórí." Ìyá yẹn ló yọ ìgò omi àti kọndísọ́nà nínú báàgì, tí wọ́n ń kọ́ onídìrí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Látìgbà náà ló ti ń ra dátà òru wo fídíò, tó ń fi orí ọmọ rẹ̀ dánra wò. Ó gé irun tiẹ̀ náà. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ rẹ́rìn-ín títí: "Ta ló máa sanwó fún irun tí o ò ṣe nǹkan kan sí?"

Síbẹ̀, nígbà yẹn, kò tíì jáwọ́ nínú rìláásà, torí òun ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ló sọ fún un nípa ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2022, tí wọ́n fi bí ọdún 11 tẹ̀ lé obìnrin tó lé ní 33,000. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kì í lo ohun tó ń na irun, 1.64 ló máa ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún. Nínú àwọn tó lò ó ju ìgbà mẹ́rin lọ lọ́dún, ó di 4.05. Ìwádìí náà ò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé rìláásà gan-an ló fà á o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n onídìrí mi ní òun ti ń fura tẹ́lẹ̀, torí sodium hydroxide tí wọ́n kọ sára ike rìláásà, òun kan náà ni kọ́sítíìkì tí ìyá òun fi ń ṣe ọṣẹ, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́. Ó kó ike tó kù fún onídìrí ìsàlẹ̀. (Èmi ì bá dà á nù, ṣùgbọ́n ọjà lọjà.)

Ohun tó mú kí n fọkàn tán an ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó kọ̀. Mo ní kó di ṣùkú fún mi, mo ní ìnáwó ní Sátidé. Ó wo iwájú orí mi, ó ní rárá. "Ẹ jẹ́ kí iwájú yìí sinmi fún oṣù mẹ́ta, mà. Ibi tí wọ́n bá ń fà lemọ́lemọ́, ó lè máà hù mọ́ láéláé." Inú mi ò dùn, mo ti rí ṣùkú yẹn lójú ọkàn. Ó lọ́ irun náà ní méjì-méjì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní gèlè á bo ìyókù. Ó bò ó lóòótọ́.

Àléébù rẹ̀ wà. Aago mẹ́wàá ló fún mi, ó lé ní wákàtí kan kó tó kàn mí, kò sì tọrọ àforíjì. Jẹnẹrétọ̀ kú nígbà tí mo wà lábẹ́ oru. Òrí tó ń tà nínú ike kékeré, ₦6,500, òrí tí mò ń rà ní Òyìngbò náà ni, ó kàn po àdìn àgbọn àti òórùn dídùn mọ́ ọn. Ẹ má rà á.

Kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ẹ pè é kí ẹ tó lọ, kí ẹ má sì fi epo kankan pa irun yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí ó máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì gba owó ẹ̀ẹ̀kejì.