Gìtá pupa ọkàṣíọ̀n tí mo rà, àti bàbá tó bá mi sọ ọ́ di gìtá

Ẹgbẹ̀rún 60 owó sẹ́fà ni mo fi ra gìtá yìí lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta ọkàṣíọ̀n, ẹrù àlòkù, ní Kútọnu. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí ojú èmi fúnra mi ló kó mi sí i. Mo kàn rí i tó pupa, ó ní pickup mẹ́ta lára, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sínú áńpílì, swíìṣì kéékèèké mẹ́fà wà nísàlẹ̀ wọn, mo ní háà, irú gìtá Brian May rè é, mi ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀, mo ti kówó sílẹ̀.

Ẹ má bá mi wí. Ẹni tó bá fẹ́ràn bàbá òyìnbó yẹn bíi tèmi máa gbà fún mi. Òun ló ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin Queen láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1970, àmọ́ gìtá ẹ̀ ti wà ṣáájú ẹgbẹ́ o. 1963 ni òun àti bàbá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án nínú ilé torí owó ti ṣọ́ọ̀bù ò sí, ó sì gbà wọ́n tó ọdún méjì. Igi tí wọ́n yọ lára ibi ìdáná àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe ọrùn ẹ̀, àwọn àmì róbótó tó wà lọ́rùn náà, bọ́tìnì ìyá ẹ̀ ni, sípíríǹgì inú ẹ̀, ti alùpùpù ni. Òun yẹn náà ló gbé lọ sí Wembley fún Live Aid, eré ńlá tí wọ́n fi kówó ìrànwọ́ jọ, ní 1985, òun náà ló tún gbé gun orí òrùlé ààfin Buckingham ní 2002.

Ní 1983 ó yẹra díẹ̀, ó lọ bá Eddie Van Halen, onígìtá bíi tiẹ̀, àtàwọn míì ṣeré ní Los Angeles. Ẹ̀yìn ìgbà tí Freddie Mercury, akọrin Queen, kú ní 1991 ló wá gbé odindi àwo tiẹ̀ jáde, ọ̀kan ní 1992, ọ̀kan ní 1998. Tèmi ni pé nínú àwọn àwo tó dá ṣe yẹn, ohùn ẹnu ẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ tí gìtá bá ti wọlé báyìí ta ló tún ń rántí olórin. Ó bá ẹgbẹ́ ta á ni o, ó dá a ta ni o, o ò ní ṣì í mọ̀. (Dókítà ìmọ̀ ìràwọ̀ tún ni, ó pa ìwé ẹ̀ tì ní 1974 torí orin, ó padà lọ parí ẹ̀ ní 2007. Èmi tí mi ò tíì padà lọ gba bákì mi, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama.)

Àwọn swíìṣì yẹn sì wà lára ohun tó mú ohùn ẹ̀ yàtọ̀. Pickup kọ̀ọ̀kan ní méjì tiẹ̀, ọ̀kan ń tan án ń pa á, ìkejì ń yí i lódì, tó fi jẹ́ pé tó o bá tan méjì pọ̀ tó o wá yí ọ̀kan lódì, wọ́n á máa pa ara wọn lóhùn, èyí tó bá ṣẹ́kù á tẹ́ẹ́rẹ́, á máa ké bí ẹni tó di imú. Tèmi, nígbà tí mo délé l'Ájàṣẹ́ tí mo tan áńpílì, pickup àárín yadi. Àwọn méjì tó kù ń hùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Okùn wá ga débi pé ìka ń ta mí kí n tó ta orin kan parí.

Àwọn kan ló júwe bàbá kan fún mi lójú ọ̀nà tó ti Ouando lọ sí Adjarra. Kò sí pátákó níbẹ̀, igi àti awọ ìlù lẹ máa kọ́kọ́ rí. Káfíńtà ni, àmọ́ ó ti tún rédíò ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo kí i, ó dáhùn, ó gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó ka swíìṣì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní "Mẹ́fà? Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ òfurufú lo fẹ́ fi wà ni?"

Ó fi ìka kan ọrùn gìtá, ó gbé etí sí i, ó tún kàn án. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀, ó fi wáyà kan tó já hàn mí, àti swíìṣì kan tí ẹnì kan ti so lódì tẹ́lẹ̀. Ó fi òjé lẹ̀ wọ́n. Èyí tó wù mí jù ni ti ibi tí okùn ń gbà kọjá lórí ọrùn, ike ibẹ̀ ti sán, ó ní òun ò ní ra ike míì, ó mú egungun màlúù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì rẹ́ ẹ, òórùn ẹ̀ bí irun tó ń jó, ó ń wọn ọ̀n wò lórí gìtá, ó tún ń rẹ́ ẹ. Mo sọ ìtàn bọ́tìnì àti igi ibi ìdáná fún un. Kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní "Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é."

Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án: Ọjọ́bọ̀ ló dá fún mi, ọjọ́ kọkànlá ni mo gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun zẹ́mì débẹ̀ lásán, wọ́n á ní iná lọ, wọ́n á ní bàbá lọ òde ìnáwó. Téèpù dúdú ló fi wé wáyà inú ẹ̀, kò dùn-ún wò. Ẹgbẹ̀rún 12 ló gbà, egungun wà nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohùn náà! Mo tan ti ọrùn àti ti àárín pọ̀, mo yí ọ̀kan lódì, ó ké ìké imú yẹn gẹ́lẹ́, àbúrò mi sáré jáde nínú yàrá. Brian May kì í fi ike ta gìtá, owó ẹyọ sísì àtijọ́ ló ń lò, ni èmi náà bá mú 50 sẹ́fà. Okùn kìíní já lójú ẹsẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta fún gìtá, mẹ́rin fún bàbá. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè jí lọ, kẹ́ ẹ sì mú okùn tuntun dání, òun ò ní. Skúrù kan ò sí lẹ́yìn gìtá mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní ó wà níbì kan lórí tábìlì.