Texas àti California: ìjọba wo ló ń fi owó orí yín ṣiṣẹ́?

Láti ọdún 1995 ni ẹgbẹ́ Republican ti ń jẹ gómìnà ní Texas láìyẹsẹ̀. Ní California, Democrat ló wà lórí àga láti oṣù kìíní ọdún 2011. Kò sí èyí tó lè sọ nínú wọn pé ẹgbẹ́ kejì ni kò jẹ́ kí òun ráyè ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi mú ìpínlẹ̀ méjèèjì fún àyẹ̀wò, bí ìgbà tí èèyàn ń yẹ ṣọ́ọ̀bù méjì wò: kí lẹ san, kí lẹ gbà, níbo ni ọjà náà ti máa ń bàjẹ́?

Àríyànjiyàn lórí ẹgbẹ́ tó mọ ìjọba ṣe jù ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó wà lẹ́yìn Republican á ní ẹ wo bí èrò ṣe ń kó kúrò ní California lọ sí Texas. Òótọ́ ni: lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2020, California pàdánù àga kan nílé aṣòfin àpapọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀, Texas sì jèrè méjì. Àwọn Democrat á ní ẹ wo bí ẹ̀mí ará California ṣe ń gùn ju ti ará Texas lọ. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n owó ilé ló ń lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó lọ, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra gómìnà. Ọwọ́ tó tẹ́nu, oúnjẹ, sìgá àti iṣẹ́ tí èèyàn ti fi ogójì ọdún ṣe náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gígùn. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ yan ibi tí òun á máa gbé kò lè fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó wò lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó orí. Texas kì í gba kọ́bọ̀ lórí owó oṣù. Ní 2019, àwọn olùdìbò tilẹ̀ fi í sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà pé kò gbọdọ̀ gbà á. California ń gbà á, láti ìdá 1 títí dé ìdá 12.3 nínú 100. Ẹni tó bá ń rí ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ á fi ìdá 1 lé e. Ìdá 9.3 ti ń bẹ̀rẹ̀ fún àpọ́n lórí ohunkóhun tó bá kọjá bíi 70,000 dọ́là lọ́dún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń parí ìṣirò wọn, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣìnà. Texas kò lè fi afẹ́fẹ́ sanwó olùkọ́. Owó tí kò fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ọwọ́ òsì ló fi ń gbà á, lórí ilé àti lórí ọjà. Ìdá 8.25 ni owó orí ọjà ní àwọn ìlú ńlá Texas. Ti California bẹ̀rẹ̀ láti 7.25, ó sì ju 10 lọ ní ìlú míì. Owó orí ọjà kì í mọ olówó yàtọ̀ sí òtòṣì: ẹni tó ń ná gbogbo owó oṣù rẹ̀ tán sórí ọmọ àti ilé ló ń jẹ nínú rẹ̀ jù.

Ní ti owó orí ilé, òfin Proposition 13 ti ọdún 1978 ni California ń lò. Ìdá 1 nínú iye tí ẹ ra ilé náà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, iye yẹn kò sì lè gòkè ju ìdá 2 lọ lọ́dún. Ẹni tó rà ní 1985 ń gbádùn. Aládùúgbò rẹ̀ tó ra irú ilé kan náà lánàá lè máa san ìlọ́po rẹ̀ ní ọ̀nà púpọ̀. Texas ní tirẹ̀ ń díye lé ilé lákọ̀tun lọ́dọọdún, nítorí náà ẹni tó bá ra ilé tí yóò máa gbé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀dínwó homestead. Fọ́ọ̀mù 50-114 ni wọ́n ń kún. Ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní káńtì yín, appraisal district, lẹ máa fi ránṣẹ́ sí, kó tó kọjá ọjọ́ 30 oṣù kẹrin. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ lẹ́tà pé kẹ́ ẹ sanwó kí òun bá yín kún un, ẹ ya lẹ́tà náà. Àdírẹ́sì ló sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà: èyí tó wà lára láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ yín gbọ́dọ̀ bá ti ilé náà mu, torí náà ẹ kọ́kọ́ lọ yí láísẹ́ǹsì padà. Láti ọdún 2025, 140,000 dọ́là ni wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò owó orí ilé-ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ dọ́là 1 lórí 100 ni ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò yín ń gbà, 1,400 dọ́là ló dúró sápò yín lọ́dún. Homestead yìí náà ni kì í jẹ́ kí iye tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí fò ju ìdá 10 lọ lọ́dún kan.

Bí iye tí wọ́n dá lé ilé bá ga jù, ẹ ta kò ó. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, èyí tó bá kẹ́yìn, ni gbèdéke. Ẹ mú iye tí wọ́n ta ilé mẹ́ta sí márùn-ún tó jọ tiyín dání, pẹ̀lú fọ́tò ibi tó bà jẹ́ lára tiyín. Ẹjọ́ ẹnu lásán kì í ràn níbẹ̀. Ẹni tó ń rà ní agbègbè Katy, nítòsí Houston, kó béèrè MUD kó tó fọwọ́ síwèé. Àjọ tó ń bójú tó omi àti kòtò àdúgbò ni, ó sì ń gba owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ayálégbé kò ní homestead. Onílé ti ka gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn nínú owó ilé.

Ọ̀rọ̀ iná ló dùn wá jù, torí ẹ̀mí bá a lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù ńlá bọ́ lu Texas, iná sì kú ní ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Iye òkú tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ jẹ́ 246. Òtútù pa àwọn kan nínú ilé wọn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀ tí wọ́n tàn nínú gáréèjì pa àwọn mìíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 37 ló kù kí gbogbo wáyà iná ìpínlẹ̀ náà dákú pátápátá. Kí ló fà á? Kànga gáàsì àti páìpù dì, wọn kò wé wọn fún òtútù. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì lọ sí ilé-iṣẹ́ iná ń lo iná ẹ̀lẹ́ntíríìkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sí lórí ìwé àwọn tí wọn kò gbọdọ̀ pa iná fún. Wọ́n pa iná wọn, gáàsì dín, iná tún dín sí i. Texas sì ti ya wáyà rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ìjọba àpapọ̀ má bàa máa pàṣẹ fún un, nítorí náà kò rí ibi púpọ̀ yá iná. Ẹ̀rí wà ní El Paso. Texas náà ni, ṣùgbọ́n wáyà ìhà ìwọ̀-oòrùn ló so mọ́, ó sì ti wé ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn òtútù ọdún 2011. Iná kò kú níbẹ̀ bíi ti ìyókù. Àwọn tó ń bójú tó iná ní ìjọba àpapọ̀ ti sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe látọdún 2011. Ó di lẹ́yìn òkú kí ilé aṣòfin Texas tó fi òfin de àwọn ilé-iṣẹ́ náà.

California kò lè rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìkọ́ irin kan tó ti gbó já lára wáyà ilé-iṣẹ́ iná PG&E, iná ìgbẹ́ jó ìlú Paradise, èèyàn 85 kú. Ní 2020 ilé-iṣẹ́ náà gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi ikú 84. Àjọ tí gómìnà ń yan àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ yìí. Owó àtúnṣe wáyà àti pípa igi tó súnmọ́ ọn ti wà nínú bíìlì báyìí: yúníìtì iná kan ń lọ sí bíi 30 sẹ́ǹtì ní California, tó bí ìlọ́po méjì ti Texas.

Ní Houston àti Dallas, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yan ẹni tó ń ta iná fún yín, lórí ìkànnì Power to Choose tí ìjọba ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bọ́ sí kòtò kan náà níbẹ̀. Iye tó wà lókè jẹ́ ti ẹni tó lo yúníìtì 1,000 gééré. Ẹ ṣí ìwé tí wọ́n ń pè ní Electricity Facts Label, kẹ́ ẹ wo iye tó wà fún 500 àti 2,000 náà. Ká ní yúníìtì kan jẹ́ 18 sẹ́ǹtì, tí wọ́n sì ń yọ 100 dọ́là fún ẹni tó bá dé 1,000: ẹni tó lo 1,000 á san 80 dọ́là, ẹni tó lo 990 á san 178. Ẹ mú èyí tí iye rẹ̀ kò fò sókè sódò. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ ṣe é láàárín ọjọ́ 14 tó ṣáájú ọjọ́ tí àdéhùn parí, wọn kò lè gba owó ìtanràn. Ní Austin àti San Antonio, ilé-iṣẹ́ ìlú ló ń tà á, kò sí yíyàn.

Ní ti ìlera, a kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: California ló ṣe é dáadáa. Òfin ìlera ọdún 2010 gba ìpínlẹ̀ láyè láti fi Medicaid, adójútòfò ìlera ti ìjọba, bo àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kéré, ìjọba àpapọ̀ sì ń san ìdá 90 nínú owó náà. California gbà á ní 2014. Ní 2025, àpọ́n tó ń rí tó bíi 21,600 dọ́là lọ́dún wọlé. Texas kọ̀ ọ́. Níbẹ̀, àgbàlagbà tí kò tíì pé ọdún 65, tí kò ní ọmọ, tí kò lóyún, tí kò sì ní àbùkù ara kò lè gba Medicaid bó ti wù kó tálákà tó. Òbí ọmọ méjì tó ń rí 500 dọ́là lóṣù ti jù ú lọ. Texas ló ní ìdá aláìní adójútòfò tó pọ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń tọ́jú arúgbó, wọ́n ń wa Uber, wọ́n ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, ìtọ̀ ṣúgà wọn ò sì ní dókítà títí ẹsẹ̀ á fi di egbò. Ẹgbẹ́ nìkan kọ́ ló ń pinnu rẹ̀ o: Mitt Romney, gómìnà Republican, ló fọwọ́ sí òfin ọdún 2006 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbogbo ará Massachusetts wọ adójútòfò.

Ọ̀rọ̀ ilé ni California ti pàdánù. Ní alẹ́ tí wọ́n ka àwọn aláìnílé lọ́dún 2024, wọ́n tó bíi 187,000 níbẹ̀. Ti Texas jẹ́ bíi 28,000, bẹ́ẹ̀ èrò California kò tó ìlọ́po méjì ti Texas. Aṣàyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ náà kọ ọ́ ní 2024 pé ìjọba ti ná bíi bílíọ̀nù 24 dọ́là láàárín ọdún márùn-ún, láì tọ pinpin bóyá ó ṣiṣẹ́. Owó kò wọ́n wọn. Ilé ni kò sí. Òfin àyíká ti ọdún 1970 fún ẹnikẹ́ni láàyè láti gbé ọ̀rọ̀ ilé tí wọn kò tíì kọ́ lọ sí kóòtù, ìgbà tí wọ́n fi máa parí ẹjọ́, gbèsè ti jẹ ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ. Ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ̀pọ̀ ilé inú ìlú kúrò nínú rẹ̀. Bákan náà lọmọ ṣe orí pẹ̀lú ọkọ̀ ojúurin ayára láti San Francisco dé Los Angeles: olùdìbò fọwọ́ sí i ní 2008, wọ́n ní 2020 lèrò máa wọ̀ ọ́, kò tíì gbé ẹnì kan.

Houston dín iye aláìnílé kù ju ìdá 60 lọ láti 2011. Ó dín ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n lè kọ́ ilé kan sí láàárín ìlú láti 5,000 sí 1,400 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin ní 1998. Àwọn àjọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ń lo ìwé orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ́kọ́ rí yàrá fún ẹni tó wà lábẹ́ àgọ́, kí wọ́n tó wó àgọ́ náà. Ìlú tí Democrat ń jẹ olórí rẹ̀ nìyí, nínú ìpínlẹ̀ Republican. Ẹgbẹ́ wo ni ká wá fi ìyìn rẹ̀ fún? Àmọ́ kíkọ́lé fàlàlà yìí ní ewu tirẹ̀: ní 2017, omi ìjì líle Harvey wọ àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ìdídò Addicks àti Barker. Adójútòfò ilé lásán kì í san owó àgbàrá. Ọ̀tọ̀ lẹ máa ra tìyẹn, ti ìjọba àpapọ̀ kì í sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọgbọ̀n ọjọ́ á fi pé, nítorí náà ẹ má dúró di ìgbà tí ìjì bá ti wà lórí òkun.

Àwọn nọ́ọ̀sì wa, tí wọ́n pọ̀ ní Houston, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní California, òfin ti dá iye aláìsàn fún nọ́ọ̀sì kan láti 2004: lónìí, ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, aláìsàn márùn-ún ni nọ́ọ̀sì kan lè mú, méjì ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, mẹ́rin ní pàjáwìrì. Texas kò ní iye kankan nínú òfin, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ń jíròrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì Texas wà nínú àdéhùn Compact, ẹ lè fi ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ tó lé ní ogójì. California kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí Board of Registered Nursing, àjọ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ náà, fún endorsement, ìyẹn ni kí wọ́n fi láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ mìíràn fún un ní tiwọn, kó tẹ ìka, kó sì fi ẹ̀rí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ránṣẹ́ láti Nursys, àkójọ láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Houston kí láísẹ́ǹsì California tó jáde.