Mo ti wa Land Cruiser 80 àti Lexus LX 600, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Dẹ́rẹ́bà ni mí n'Íbàdàn. Mọ́ńdè sí Fúráídè, Lexus LX 600 ọ̀gá mi ni mò ń wà, tó bá wá di Sátidé ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n bá àwọn gbé Land Cruiser 80 wọn lọ sóko lọ́nà Ìsẹ́yìn, torí náà kẹ́nikẹ́ni má bá mi jiyàn lórí èyí tó dáa jù nínú jíìpù méjèèjì yìí.

Ẹbí kan náà ni wọ́n o. LX àkọ́kọ́ tí Toyota, àwọn ló ni Lexus, gbé jáde ní 1996, LX 450, Land Cruiser 80 yìí náà ni wọ́n wọ aṣọ ńlá fún.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, 1994 ni. Ẹ́ńjìnì 1HZ ló wà níbẹ̀, dísù, 4.2 lítà, sílíńdà mẹ́fà, kò ní tọ́bò (èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i). Lórí ẹsipirẹ́ẹ̀sì, Sienna akérò máa yà yín sílẹ̀ ni. Ẹ̀yàsíì ti kú tipẹ́, gíláàsì ẹ̀ ọwọ́ la fi ń yí i, òórùn dísù ò sì ní kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì yín bọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan fún yín. Mo jẹ́ kí dísù tán nínú ẹ̀ láàárín igbó (ẹjọ́ mi ni, géèjì ti ń wò mí látàárọ̀), ọlọ́kadà bá mi ra kẹ́ẹ̀gì kan wá, mo dà á sí i, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tó wà lórí fílítà dísù, kí dísù lè padà dé ẹ́ńjìnì, mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le gan-an, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn. Mi ò pe mẹkáníìkì kankan.

Ní ti Lexus, àtàǹpàkò lẹ máa fi tẹ bọ́tìnì, á ka ìtẹ̀ka yín, ó ti dìde nìyẹn. V6 3.5 lítà, tọ́bò méjì, agbára ẹṣin 409, jíà mẹ́wàá tẹ́ ò ní mọ ìgbà tó ń pààrọ̀. Tá a bá ń lọ Èkó, ká tó kọjá Guru Maharaji ọ̀gá mi ti ń hanrun.

Ẹrẹ̀ ńkọ́? Ó lè wọ ẹrẹ̀ o, òun náà bíi 80 ní jíà kékeré (èyí tó ń jẹ́ kí mọ́tò fi agbára rìn jẹ́jẹ́ níbi tó le), ó tiẹ̀ máa ń gbé ara ẹ̀ sókè. Ọjọ́ tí ọ̀gá fẹ́ wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gbọ́n mi, òjò ti rọ̀, a dé ojú ẹrẹ̀ kan, mo bọ́ sílẹ̀, mo wo ríìmù 22 tó ń dán yinrin, mo wo bọ́ńpà, ọkàn mi kọ̀. Ọ̀gá náà sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta iná iwájú yẹn nìkan?"

"Ẹ jẹ́ n ṣẹ́rí, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé 80 wá gbé wa. Wọ́n fà á sí jíà kékeré, ó wọ inú ẹrẹ̀ yẹn jẹ́jẹ́ bíi màlúù tó ń lọ mumi, ọ̀gá jókòó síwájú pẹ̀lú bùbá funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra 80, dísù ni kẹ́ ẹ wá, ti pẹtiróòlù 4.5 yẹn máa ń mu epo bí ọ̀mùtí. Kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa bóyá ó ti dípẹtà. Ẹni tí kì í kúrò lórí títì kó ra Lexus tówó bá wà, ara á tù ú jù.

Ọ̀gá ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì báyìí bóyá ẹ̀gbọ́n mi á ta tiwọn. Mo jẹ́ṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé Lexus wá ká ṣe pààrọ̀.