Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Owó Orí Àkọ́kọ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ n'Ìbàdàn

Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni mo kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù owó orí fúnra mi, lórí owó tí ó wọlé fún mi ní 2024, ọdún tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ tí mo sì gbájú mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè nínú yàrá mi ní Bódìjà. N kò ní purọ́, kì í ṣe ìfẹ́ ìlú ni ó gbé mi dé ìdí rẹ̀. Oníbàárà kan ni ó ní òun kò lè gbé iṣẹ́ ọdún kan gbáko fún mi láìsí ìwé ẹ̀rí owó orí ti ọdún mẹ́ta tí ó ṣáájú, ìwé tí gbogbo èèyàn ń pè ní tax clearance. Mo ti tún kọ òmíràn ní oṣù kẹta ọdún yìí, nítorí náà mo lè sọ ibi tí ó rọrùn àti ibi tí ó le.

Ẹni tí ó ń gba owó oṣù, ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń yọ owó orí sílẹ̀ tí ó sì ń san án. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí ó rí, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Ilé iṣẹ́ tí mo ń ṣiṣẹ́ fún jù lọ wà ní Èkó, mo sì ti rò pé ìjọba Èkó ni ó ni owó orí mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí owó ti wá, nítorí náà Ọ̀yọ́ ni ó ni tèmi. Fún 2022 àti 2023, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ fún mi ni mo fi hàn pé wọ́n ti yọ owó orí lára owó oṣù mi, apá yìí kò sì gba àsìkò rárá.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ agbowó orí ni mo ti pàdé ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lọ tẹ ìwé. Ó ní kí n kó ₦60,000 wá, òun yóò bá mi yanjú rẹ̀, n kò sì ní kọ nǹkan kan. Mo bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀ pé iye tí ó tọ́ sí mi nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà Akanran ni ilé bàbá mi wà, níbi tí ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀kòyà, ọ̀tẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ dì nítorí owó orí ní 1968 sí 1969, kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Lára ohun tí ó bí wọn nínú ni pé ìjọba bu iye kan lé àgbẹ̀ lórí láìwo bí oko rẹ̀ ṣe rí, ni wọ́n fi ń pariwo pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Ó wá jọ mí lójú pé èmi ni mo tún fẹ́ fọwọ́ ara mi gba iye tí ẹnì kan ṣàdédé bù lé mi lórí. Òfin pàápàá fún àwọn agbowó orí láṣẹ láti fojú díwọ̀n owó ẹni tí kò bá kọ fọ́ọ̀mù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo sì bá tèmi lọ.

Fọ́ọ̀mù náà kò le. Èmi gan-an ni n kò mọ iye tí mo ń rí. Owó iṣẹ́, owó tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ìyá wa, àti owó àjọ tí ó kàn mí ní oṣù kẹjọ, inú àkáǹtì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wọ̀ sí. Àkọsílẹ̀ oṣù méjìlá tí mo gbà ní báńkì jẹ́ ojú ewé 39, alẹ́ mẹ́rin ni mo sì fi bíírò pupa àti dúdú ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, ₦3,150,000 ni mo kọ́kọ́ kọ. Òṣìṣẹ́bìnrin tí ó gba ìwé mi wò ó títí, ó ní: “Bùrọ̀dá, ṣé owó iṣẹ́ ni gbogbo èyí? Owó tí ẹ dá ní àjọ ni ó padà wá bá yín, kì í ṣe èrè. Ẹ lọ yọ ọ́.” Nígbà tí mo yọ àjọ àti owó ìyá wa, ó ku ₦2,400,000. Bí kì í bá ṣe obìnrin náà ni, ǹ bá san owó orí lórí oògùn ìyá mi.

Ní ti ìnáwó, èyí tí a ná nítorí iṣẹ́ nìkan ni òfin gbà. Dátà, epo jẹnẹrétọ̀, àyè tí mo ń háyà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní Mókọ́lá, àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà wọlé. Kọ̀ǹpútà tuntun tí mo rà kò wọlé lódindi, nítorí pé ohun ìní ni wọ́n kà á sí, tí wọ́n ń yọ iye rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Epo tí kò ní rìsíìtì kò wọlé rárá. N kò jiyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti tò sí ilé epo pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mọ̀ pé rìsíìtì kọ́ ni ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Gbogbo ìnáwó tí wọ́n gbà jẹ́ ₦600,000.

Ìṣirò tí ó kù kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Èrè mi jẹ́ ₦1,800,000. Òfin ìgbà náà yọ ₦200,000 pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún mi, ìyẹn ₦560,000, ó sì ku ₦1,240,000. ₦300,000 àkọ́kọ́ san ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦300,000 kejì san ìdá 11, ₦500,000 san ìdá 15, ₦140,000 tí ó kù san ìdá 19. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦155,600. Ó ju ₦60,000 ọkùnrin yẹn lọ dáadáa, ìyàwó mi kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n tèmi ní ìwé báńkì lẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí tí oníbàárà mi ń bèèrè sì jáde lórí rẹ̀.

Ibi tí ó dùn mí ni owó orí àyọsílẹ̀, tí àwọn akáǹtáǹtì ń pè ní withholding tax. Ilé iṣẹ́ Èkó yẹn fún mi ní iṣẹ́ ₦300,000 lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦15,000, nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ kí ó kíyè sí èyí: ₦285,000 ni ó dé báńkì, ṣùgbọ́n ₦300,000 ni a ó kọ sí fọ́ọ̀mù, mo sì ti fi ìyàtọ̀ náà kún ₦2,400,000 òkè yẹn. Owó tí wọ́n yọ kì í ṣe àsọnù. Ó yẹ kí wọ́n san án sí ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé, pẹ̀lú nọ́ńbà owó orí mi, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè mi bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá wà. Mo kọ lẹ́tà, mo pè, mo tún pè. Ìwé méjì dé. Akáǹtáǹtì wọn ní àwọn ti san ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí àwọn san án sí. ₦30,000 péré ni a yọ fún mi, mo sì san ₦125,600 ní báńkì.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin tuntun ti ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò àtijọ́ ni mo ṣì lò fún owó 2025. Nínú òfin tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò san nǹkan kan, ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyọsílẹ̀ ₦200,000 àti ìdá 20 ti lọ. Ìdá 20 nínú owó ilé tí a ń háyà ni ó rọ́pò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Pẹ̀lú ilé ₦400,000 tí mo ń gbé, èrè ₦1,800,000 kan náà yóò san ₦138,000.

Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún gbogbo rẹ̀. Ti ọdún yìí kò gbà ju òwúrọ̀ kan lọ, nítorí pé mo ti ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀, mo sì ń bèèrè ìwé àyọsílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí owó bá wọlé gan-an. Ìwé kẹta ti 2024 ni mo ṣì ń wá. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá ni mo tún pe akáǹtáǹtì náà. Ó ní òun yóò pè mí padà.