Máíkírósíkóòpù Kékeré fún Yíyẹ Owó Onírin Wò: Ohun tí Mo Rí Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́rin

Iṣẹ́ agogo títúnṣe ni mo ń ṣe ní Àgbádárìgì, kò jìnnà sí Ọjà Àgbálátà, owó onírin àtijọ́ sì ni mo fi ń dá ara mi lára yá láti ìgbà tí bàbá mi ti fi agolo kan tí ó kún fún onínì, tọ́rọ́ àti sísì sílẹ̀ fún mi. Ìlú tí mo wà kò jẹ́ kí agolo náà gbẹ, nítorí pé àwọn àlejò tí ń ti Amẹ́ríkà wá sí erékùṣù Gbẹ́rẹ́fù máa ń fi sẹ́ǹtì wọn ta àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lọ́rẹ, àwọn tí ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sì ń kó owó sẹ́fà wọlé. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó wá bá mi, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé sẹ́ǹtì tí lẹ́tà rẹ̀ bá jẹ́ méjì-méjì ń pa ọ̀pọ̀ dọ́là. Ìdí nìyí tí mo fi ra máíkírósíkóòpù kékeré kan tí a ń so mọ́ fóònù, ní ₦31,000.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti páálí rẹ̀, nítorí pé irọ́ wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 1000. Mo gbé rúlà sí abẹ́ rẹ̀, mo sún un mọ́ ọn débi tí ó lè dé, mo sì rí i pé mìlímítà 2 ni ó kún ojú fóònù mi, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 70. Ìlọ́po 35 nìyẹn. N kò bínú sí 35 náà, nítorí pé ìlọ́po 10 sí 20 ti tó fún owó onírin. Bí ó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ojú àpá ara owó a di gegele àti kòtò, ènìyàn a sì máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Irọ́ náà ni mo bínú sí.

Kí a tó mọ̀ bóyá irinṣẹ́ yìí wúlò, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ní kí ó fi hàn wá. Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ owó onírin. Òǹtẹ̀ náà pàápàá, òǹtẹ̀ mìíràn tí a lè pè ní ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, àwòrán kì í sì í wọlé tán ní ẹ̀ẹ̀kan láyé àtijọ́: wọ́n á tẹ̀ ẹ́, irin náà á le, wọ́n á fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún tẹ̀ ẹ́. Bí ìyá kò bá padà jókòó síbi tí ó jókòó sí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, àwòrán méjì ni yóò wà lára òǹtẹ̀ náà títí tí wọ́n á fi pa á tì, gbogbo owó tí ó bá sì tẹ̀ ni yóò gbé méjèèjì bákan náà. Èyí ni àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ ń pè ní doubled die. Èyí tí a ń ṣì mú fún un ni ti ẹ̀rọ: òǹtẹ̀ tí kò fún dáadáa nínú ẹ̀rọ a gbọ̀n bí ó ti ń kúrò lára owó, a fara gbá lẹ́tà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, a sì tẹ etí kan rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ìwé lọ́dọ̀ akọ̀wé rí yóò mọ ìyàtọ̀ náà. Bí ẹni tí ó gbẹ́ òǹtẹ̀ rọ́bà bá gbẹ́ orúkọ ní àgbétúngbẹ́, gbogbo ìwé tí ó bá jáde ní ọ́fíìsì yẹn ni àbùkù náà yóò wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ akọ̀wé bá yọ̀, ìwé tìrẹ nìkan ni ó bàjẹ́.

Nítorí náà, lẹ́tà doubled die máa ń sanra, nítorí pé fífi kún un ni wọ́n fi kún un. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ a rí róbótó, igun rẹ̀ a sì là sí méjì bí ìrù ẹja. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ fà máa ń rù, nítorí pé lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti bù. Ohun tí a rò pé ó jẹ́ ìkejì rẹ̀ kò ju pèpéle pẹrẹsẹ kan lọ, tí ó sún mọ́ ilẹ̀ owó, tí ó sì ń dán.

Ibí yìí ni ẹ̀sùn mi tí ó tóbi jù wà. Iná wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n tò yí ojú máíkírósíkóòpù yìí ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ wá kì í ní òjìji, òjìji sì ni a fi ń mọ ohun tí ó ga yàtọ̀ sí ohun tí ó tẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo gbé ₦1 ti ọdún 1991 kan, èyí tí Herbert Macaulay wà lára rẹ̀ pẹ̀lú irunmú rẹ̀, sí abẹ́ rẹ̀, mo sì rí “NIGERIA” ní méjì-méjì, ó sanra, ó ń kọ mọ̀nà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé agogo oníbàárà tí mo tú sílẹ̀ lórí tábìlì. Ní alẹ́, nígbà tí wọ́n mú iná lọ, mo fi awò iṣẹ́ mi, tí ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, sójú, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí owó náà láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Lẹ́tà kejì di pèpéle. Mo rọra ń yí owó náà po, pèpéle náà ń dán bí ó bá kọjú sí iná, ó sì ń pòórá bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹsẹ̀ “N” sì rù ju ti owó ọdún kan náà tí mo tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ni ó fà á. ₦1 ni, kò sì sí ohun tí ₦1 ń rà lónìí.

Mo wá rí i pé n kò tíì fojú kan ojúlówó rí, mo sì ń wá a. Àbúrò mi obìnrin tí ó wà ní Amẹ́ríkà bá mi ra sẹ́ǹtì doubled die ti ọdún 1995 kan, èyí tí kò wọ́n púpọ̀ nítorí pé ó pọ̀ níta. Bí mo ti gbé ọ̀rọ̀ LIBERTY ara rẹ̀ sí ojú iná kan ṣoṣo, mo rí igun lẹ́tà tí ó là, àti àlàfo tín-ín-rín láàárín ilà méjèèjì. Mo yí i sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì; àlàfo náà kò yẹsẹ̀. Owó kan yìí kọ́ mi ju oṣù méjì tí mo fi ń wo àwòrán lọ.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí awò mi kò lè bá máíkírósíkóòpù dé. Ọmọkùnrin kan tí ó ń wa ọkọ̀ lọ sí Gbẹ́rẹ́fù mú sẹ́ǹtì ọdún 1955 kan wá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún dọ́là ni.”

Bí mo bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní awò, yóò ní òun kò rí nǹkan kan, yóò sì máa rò pé mo fẹ́ gba owó òun mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Lójú fóònù, àwa méjèèjì jọ ń wò ó. Mo ní kí ó ka ohun tí ó jẹ́ méjì fún mi.

“Márùn-ún tí ó kẹ́yìn ni, Bàbá.”

“LIBERTY ńkọ́?”

Ó wò ó pẹ́. “Ó dá dúró ní tirẹ̀.”

Doubled die ti ọdún 1955, tí wọ́n tẹ̀ ní Philadelphia, kò nílò máíkírósíkóòpù rárá: ọdún rẹ̀, LIBERTY àti IN GOD WE TRUST ló jẹ́ méjì gbangba fún ojú lásán. Nǹkan bí 20,000 sí 24,000 ni wọ́n sọ pé ó bọ́ síta, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jáde gẹ́gẹ́ bí ṣéńjì nínú páálí sìgá tí ẹ̀rọ ń tà. Èyí tí ọmọ náà mú wá, òǹtẹ̀ tí ó ti gbó ni ó tẹ̀ ẹ́, tí etí nọ́ńbà rẹ̀ sì wú bí ẹsẹ̀ tí omi wọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé doubled die tálákà ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba owó rẹ̀. Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn nìkan, n kò kábàámọ̀ ₦31,000 náà.

Owó tí ó ti gbó ni ó le jù fún irinṣẹ́ èyíkéyìí, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn a ti bó etí pèpéle ẹ̀rọ títí tí òun náà yóò fi rí róbótó. Ó ku kí ènìyàn wọn ìsanra lẹ́tà. Ti sẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1982 tún yàtọ̀: síǹkì ni inú rẹ̀, bàbà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, bàbà náà sì máa ń fàya lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Afẹ́fẹ́ òkun wa níbí kì í ṣàánú rẹ̀. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ilà eérú tí ń yọ láàárín bàbà náà hàn kedere, mo sì gbóríyìn fún un níbẹ̀. Bí ẹ bá rí sẹ́ǹtì 1969 tí ó ní “S”, àmì ilé ìtẹ̀wó San Francisco, tí ọdún rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó jẹ́ méjì, ẹ wo “S” náà kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a sára òǹtẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà náà, nítorí náà bí òun náà bá jẹ́ méjì ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọdún, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni.

Ẹsẹ̀ ike máíkírósíkóòpù náà kò dára. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá, àwòrán á máa jó. Iná mẹ́ta ni kò tàn lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹni tí ó tà á sì fi ọjọ́ 17 dá mi dúró kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí owó ọwọ́ yín kò bá ju ti irinṣẹ́ kan lọ, ẹ ra awò ìlọ́po 10 àti tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá ti ra máíkírósíkóòpù náà, ẹ ṣe bí mo ti ṣe: mo lẹ tépù dúdú mọ́ mẹ́fà nínú iná mẹ́jọ náà, mo fi méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà sílẹ̀, káfíńtà sì fi igi kan ẹsẹ̀ tuntun fún un. Láti ọjọ́ náà ni ₦1 ti Macaulay ti ń fi pèpéle rẹ̀ hàn lójú fóònù.